Alágbàfọ̀ Tó Ń Bu Omi Ránṣẹ́ sí Etí Òkun

Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé mo fi nǹkan pamọ́ níbi tí mo bá ti dákẹ́. Bàbá mi àgbà, Làmídì alágbàfọ̀, kú nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, tí wọ́n sì ní kí n gbé ife kúrò nílẹ̀ kí eèrà má baà bò ó. A ti sin wọ́n kí àsìkò ìrun àìlà tó tó. Láti ọjọ́ náà ni èrò ti ń wọlé, tí olúkúlùkù ń sọ Làmídì tirẹ̀. Tèmi ni mo fẹ́ kọ. Mo bá wọn gbé fún ọdún mọ́kàndínlógún, láti ìgbà tí mo ti ilé ọkọ padà wá sí yàrá ìyá mi nínú agbo ilé, tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ẹnu ọ̀nà. Dókítà Tọ́lá, tí Bàbá ń bu omi odò fún, ló ní kí n kọ ọ́, nítorí àwọn kan wà létí òkun tí wọ́n mọ orúkọ Bàbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́.

Bàbá máa ń wo ọrùn ẹ̀wù ènìyàn kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ àwọn akọ̀wé Mápó àti ti àwọn oníṣòwò Bẹẹrẹ tí wọ́n fọ̀ láti ìgbà èwe wọn ló kọ́ ojú wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan wá tọrọ ọmọ àbúrò ìyá mi, ó wọ léèsì, ó dé fìlà, aago ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní kó sún mọ́ àwọn, bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Wọ́n nawọ́, wọ́n sì ṣí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sẹ́yìn lójú gbogbo ẹbí.

"Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?" ni ìyá ìyàwó fi ìtìjú béèrè.

"Ilé tó ti ń bọ̀ ni."

Wọ́n wò ó pẹ́. Ọkùnrin náà ti ń làágùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ ọrùn ẹ̀wù náà padà bó ṣe wà, wọ́n sì wí fún gbogbo wa pé: "Ẹ fún un níyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ aṣọ yìí. Ọrùn ẹ̀wù ẹni tí wọ́n ń fọṣọ fún kì í họ tó báyìí."

Wọn kì í kọ orúkọ oníbàárà sára aṣọ. Àmì ni wọ́n máa ń ṣe sí i, ní abẹ́ ọrùn tàbí lábẹ́ ìgbànú, pẹ̀lú tàdáwà tí omi kì í ṣí. Ẹnì kan ní àmì tóótó méjì, ẹlòmíràn ní ìlà tó dábùú ara wọn, ẹlòmíràn ní ilé kékeré tí kò ní ilẹ̀kùn. Inú orí Bàbá ni gbogbo wọn wà. Aṣọ kan ṣoṣo ló sọnù lọ́wọ́ wọn rí, áńkáṣífù funfun tí olùkọ́ kan ní Ọ̀rányàn fi ránṣẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n ṣe àmì sí i, torí pé ó ní àmì yóò ba á jẹ́. Wọ́n ra òmíràn fún un. Olùkọ́ náà ti gbàgbé, ó tilẹ̀ ti kú, Bàbá ṣì ń sọ ọ́. "Aṣọ tí kò ní àmì," ni wọ́n máa ń wí, "mo ti sọ ọ́ nù kí n tó gbà á."

Ó yẹ kí n sọ bí omi ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí. Kúdẹtì, odò tó gba ẹ̀yìn àdúgbò wa kọjá, kì í dúró sí Ìbàdàn. Ó ń bọ́ sínú odò mìíràn, ìyẹn náà ń bọ́ sínú òmíràn, títí yóò fi dé ọ̀sà, ọ̀sà sì ṣí sínú òkun. Mo kọ́ ọ nílé ìwé, n kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó wá bá wa ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ti rò ó. Àwọn onímọ̀ tó ń wádìí òkun àti etí òkun ni wọ́n. Àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan ní Kutọnu, àwọn kan ní Gánà, àwọn méjì tàbí mẹ́ta sì wà lókè òkun tí a kàn ń gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù Dókítà. Ọ̀kan ń wo ẹja, ọ̀kan ń wo ewéko tó ń bo ojú ọ̀sà, ọ̀kan ń wọn iyanrìn tí òkun ń jẹ lọ. Dókítà Tọ́lá sọ fún wa pé kò sí èyí tó lè dá nìkan mọ òótọ́ nínú wọn, nítorí omi tí ọ̀kan ń wò lónìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wà ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n wá pín iṣẹ́ náà: irú ìgò kan náà, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, láti etí òkun títí dé òkè odò. Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹni tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò wà létí odò ní Ìbàdàn ní gbogbo Ọjọ́rú láìyẹ̀.

Àwọn alágbàfọ̀ tó wà ní Kúdẹtì lọ́jọ́ tí Dókítà wá béèrè nawọ́ sí Bàbá. Ìgbà yẹn, orúnkún ti lé Bàbá kúrò nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò yé lọ jókòó sábẹ́ páànù níbẹ̀ láràárọ̀. Alága àwọn alágbàfọ̀, Bàbá Músá, tí òun àti Bàbá ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, bú sẹ́rìn-ín.

"Làmídì, òkun ránṣẹ́ pè ọ́! Ṣé o fẹ́ lọ máa lọ aṣọ fún ẹja ni?"

"Bí ẹja bá ní ọrùn ẹ̀wù, kó gbé e wá," ni Bàbá dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ náà nìyẹn. Àwọn obìnrin agbo ilé gbọ́ pé dókítà ni Tọ́lá, wọ́n ń na apá sí i kó bá wọn wo ẹ̀jẹ̀ ríru. "Èmi kì í ṣe dókítà èèyàn o, omi ni mò ń wò," ni yóò wí. Ìyá kan sọ fún un pé, "Ẹ ṣáà fọwọ́ kàn án, ara lè yá." Ó kéré sí mi ní ọdún méjì, ṣùgbọ́n "ẹ" ni Bàbá máa ń pè é títí tí wọ́n fi kú. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń kí. Iṣẹ́ yẹn dàgbà jù mí lọ."

Bàbá ní ọ̀pá tí a fín nọ́ńbà sí lára láti fi wọn ìjìn omi. Wọ́n ní ohun tí a fi ń mọ bí omi ṣe gbóná tó, ìgò, àti kúlà tó kún fún yìnyín. Èmi ni mò ń kọ̀wé, torí ojú wọn ti ń ṣú. Awakọ̀ kan láti ilé ẹ̀kọ́ Dókítà máa ń wá gbé kúlà náà. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò ń ṣí kúrò nínú yìnyín. Ìgò dé Èkó ní ìhòòhò, kò sì sí ẹni tó mọ odò tó ti wá. Bàbá ya aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi tàdáwà ṣe àmì sí i, wọ́n so ó mọ́ ọrùn ìgò. Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú, ọ̀kan nínú àwọn ará Kutọnu, tí Yorùbá Kétu rẹ̀ máa ń pa àwọn ọmọ ilé lẹ́rìn-ín, rí aṣọ náà, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń po tàdáwà rẹ̀. Kí ọdún tó yí, gbogbo ibùdó tí wọ́n ti ń bu omi ló ń so aṣọ mọ́ ìgò, títí dé Gánà.

"Bàbá, ẹ ti sọ gbogbo etí òkun di ilé alágbàfọ̀ o," ni Dókítà wí lórí fóònù.

"Ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti bi wá," ni Bàbá fèsì.

N kò fẹ́ kí a rò pé ó rọrùn láti bá wọn gbé. Wọ́n le. Ọjọ́rú kan, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Bàbá dá lọ sódò, wọ́n bu omi, wọ́n wọn ìjìn, wọ́n sì gbàgbé láti wo gbígbóná omi. Nígbà tí mo dìde, mo fẹ́ kọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tó kọjá síbẹ̀, torí pé oòrùn kan náà ló ràn. Wọ́n gba báírò lọ́wọ́ mi.

"Àwọn ará Èkó á rò pé a ò lọ," mo wí.

"Kí wọ́n rò ó."

"Kò lè ju ìyẹn lọ náà, Bàbá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wò ó."

"Ọjọ́ yẹn ńkọ́, o wò ó?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ. Ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn lórí rẹ̀ ni pé, "Ibi tí a kò mọ̀, kó ṣófo."

Ní ọdún kejì, wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń bu omi jọ sí etí òkun fún ọjọ́ méjì, kí a lè mọ ara wa. Mo bá Bàbá lọ. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kò rí òkun rí. Gbogbo ènìyàn dúró láti gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n ti áńkáṣífù bọ omi, wọ́n fi ọṣẹ ìwẹ̀ tó wà nínú àpò wọn ra á, wọ́n ra á títí. Kò hó. "Omi tó pọ̀ tó báyìí," ni wọ́n wí, "kò sí ẹni tó lè fi fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo."

Lọ́jọ́ kejì ni a dé etí ọ̀sà. Ìyá kan tó ń yan ẹja níbẹ̀ fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ rẹ̀ hàn wá, ewéko ti há a mọ́ àárín, bẹ́ẹ̀ ni omi wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ òun kò lè ju àwọ̀n mọ́. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ohun kan wà nínú ọṣẹ ẹlẹ́bu tí à ń fi fọṣọ tó máa ń bọ́ ewéko inú omi bí ajílẹ̀ ṣe ń bọ́ àgbàdo, àti pé òun fẹ́ mọ ibi tí ó ti ń wá. Ìyá náà kò dúró de ìwádìí. Ó wo Bàbá, ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè ni. Ọṣẹ yín ni."

 Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìbàdàn, Bàbá ní, "Gbogbo funfun tí mo ṣe ní Bẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni ìdọ̀tí rẹ̀ ń lọ."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kẹta ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ wọ́n, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ bí wọn kò ṣe sọ ọ́ dáadáa. Bó ṣe rí nìyí.

Àwọn onímọ̀ náà kó iye gbogbo ibùdó jọ. Ohun tó wà nínú ọṣẹ yẹn pọ̀ nínú omi tiwa ju ti gbogbo ibùdó yòókù lọ. Àwọn wòléwòlé gbọ́ ọ ní ìpàdé kan, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí Kúdẹtì, wọ́n fún àwọn alágbàfọ̀ ní oṣù mẹ́ta láti kó kúrò létí odò. Alága kò kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé.

"Làmídì, òótọ́ ni? Omi tí ìwọ ń bù ni wọ́n fi ń lé wa?"

"Omi tí mo bù ni."

"O mọ iye èèyàn tó ń jẹun nídìí odò yẹn?"

"Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo kọ́ àwọn kan níṣẹ́."

"Ìwọ ò fọṣọ mọ́, àbí? Ọwọ́ rẹ ti gbẹ. Ó wá dùn lẹ́nu rẹ báyìí."

 Alága jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Bàbá ń fọ ìgò fún ọjọ́ kejì lẹ́nu ọ̀nà, èmi ń rán aṣọ. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń fọ ìgò. Dókítà ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn ìgò náà mọ́, pé kí a kàn fi omi odò fúnra rẹ̀ ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó bù ú. Bàbá ń ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn ìgò tí wọ́n ti lò rí máa ń ní àbàwọ́n nínú, Bàbá kò sì lè gbé ohun tó ní àbàwọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n nílé, wọ́n á fi búlúù aṣọ funfun sí i, wọ́n á sá wọn sóòrùn. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ wọn dúró nínú bàsíà.

"Ràmọ́tà."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Láti ìgbà wo ni mo ti ń fọ ìgò yìí báyìí?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ọṣẹ wo ni mo fi ń fọ̀ ọ́?"

Mo wo inú bàsíà. Ọṣẹ ẹlẹ́bu ni, ó ń hó dé etí.  Mo wá ní, "Ẹ ṣáà ń ṣan án, Bàbá. Ṣé ó ṣì máa kù síbẹ̀ ni?"

"Alágbàfọ̀ ni mí. Ọṣẹ kì í tán lára nǹkan. À ń ṣan án títí ojú ò fi rí i mọ́ ni."

Mo gbọ́dọ̀ kọ tèmi náà sí i. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń rí wọn. Ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ létí odò ni mo kọ sínú ìwé, dé orí ewúrẹ́ tó gba inú omi kọjá. Èyí, ilé ló ti ṣẹlẹ̀, n kò kọ ọ́.

Bàbá pe Dókítà kí wọ́n tó nu ọwọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí wọ́n máa ń ṣí ohùn fóònù sókè. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Dókítà béèrè pé:

"Bàbá, ta lẹ tún ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan. Àti Ràmọ́tà, ó jókòó tì mí."

"Ọjọ́ mẹ́wàá sí òní ni mo máa ka iṣẹ́ yìí ní Kutọnu níwájú gbogbo wọn. Ọdún mẹ́ta ni, Bàbá. Bí wọ́n bá yọ ibùdó yín kúrò, iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Mo fún yín dọjọ́ Ẹtì. Bí a bá kí ìrun Jímọ̀ tán, n ó sọ ọ́ ní mọ́sálásí."

"Bàbá!"

"Ẹ má bínú. Wọ́n ń lé èèyàn kúrò nídìí oúnjẹ nítorí ohun tó wà nínú bàsíà mi."

Dókítà kò dúró dọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́bọ̀ ló dé, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú. Ó sunkún nínú yàrá mi, ó bọ́jú, ó jáde. N kò dá a lẹ́bi nígbà náà, n kò dá a lẹ́bi nísinsìnyí. Òun fúnra rẹ̀ ló mú Bàbá lọ bá àwọn wòléwòlé. Wọn kò gbà á gbọ́. Ọ̀gá wọn ní, "Alágbàfọ̀ ń gba alágbàfọ̀ sílẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ ni Alága?"

Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú ló wá sọ ohun tí àwọn máa ṣe. Wọ́n mú ìgò tuntun mẹ́ta, wọ́n ní kí Bàbá fọ mẹ́ta mìíràn bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Ojú kan náà ni wọ́n ti fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bu omi, níwájú wòléwòlé àti Alága. Wọ́n tún rọ omi mímọ́ tí wọ́n gbé wá láti Èkó, omi tí kò fojú kan odò rí, sínú ìgò mìíràn tí Bàbá fọ̀, láti mọ ohun tí ìgò nìkan ń fi kún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bu omi ní òkè ibi ìfọṣọ, níbi tí ọṣẹ kò tíì dé. Àwọn ará Kutọnu fọ ìgò tiwọn lọ́hùn-ún, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Gánà náà ṣe é. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣe é, àwọn èèyàn á ní ẹnì kan ló to ọ̀rọ̀ náà. A dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá rù.

Nígbà tí èsì dé, Dókítà túmọ̀ rẹ̀ fún wa, mo sì kọ ọ́ ní Yorùbá sórí bébà kan. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn alágbàfọ̀ pàdé lábẹ́ páànù. Bàbá ní kí èmi kà á, kí àwọn dúró tì mí. Mo kà á pé ọ̀pọ̀ nínú ọṣẹ tí wọ́n rí láti ọdún mẹ́ta, inú ìgò Làmídì ló ti wá. Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn kan ń fò. Alága dì mọ́ Bàbá.

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Jókòó, Làmídì. Ràmọ́tà, ká ìwé yẹn."

"Ó ku ìlà kan," ni Bàbá wí.

"Mo ní kó ká a!"

"Kà á, Ràmọ́tà."

Mo kà á. Inú ìgò tuntun pàápàá, omi tó wà nísàlẹ̀ ibi ìfọṣọ ní ọṣẹ ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ.  Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ àti àwọn tí wọn kò kọ́, wọ́n ní, "Eléyìí kì í ṣe ti ìgò. Tiwa ni."

Wòléwòlé kò lé wọn mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò sókè, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì da omi ọṣẹ sódò mọ́. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn gbogbo aṣọ, wọ́n ní láti gbé garawa gun òkè. Àwọn mìíràn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dá Bàbá lẹ́bi fún gbogbo rẹ̀. Dókítà yọ ọdún mẹ́ta ibùdó wa kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń bu ìgò méjì ní gbogbo Ọjọ́rú, ọ̀kan lókè ibi ìfọṣọ, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kòtò ń ṣiṣẹ́. Fún ọdún márùn-ún, tìsàlẹ̀ ló ń pọ̀ jù. Ọdún márùn-ún náà ni Alága kò fi kí Bàbá. Wọ́n máa ń jókòó sí ìlà kan náà ní mọ́sálásí, ènìyàn méjì láàárín wọn.

Mo bi Bàbá léèrè nígbà kan bóyá ó dùn wọ́n. Wọ́n ń ká aṣọ tí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ká. "Ó dùn mí," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lórí ìlà yẹn, kí ló kù tí wọ́n máa gbà gbọ́ nínú ìlà àkọ́kọ́?"

Ní ọjọ́ díẹ̀ kí Bàbá tó kú, èsì Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà dé. Tòkè àti tìsàlẹ̀ dọ́gba fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kò lè dìde mọ́, mo kà á sí wọn létí. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. N kò mọ ẹni tó sọ fún Alága. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Alága wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọn kò kí ẹnikẹ́ni.

"Làmídì. Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé garawa gun òkè. Wọ́n ní omi ti dára. Sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Mo gbàdúrà nínú mi pé kí Bàbá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. Bàbá ṣí ojú, wọ́n wo èmi.

"Ṣé wọ́n ti bu òmíràn wò?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan ni."

"A jẹ́ pé a ò tíì mọ̀, Músá."

Alága pòṣé. "Ìwọ ọkùnrin yìí," ni wọ́n wí. "Ìwọ ọkùnrin yìí." Wọn kò dìde. Wọ́n jókòó níbẹ̀ títí di ìrun àìlà. Ìyẹn ni ohun tí Bàbá sọ kẹ́yìn lórí omi.

Mo bu omi ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé ìsìnkú. Ara mi kò gbé e, ṣùgbọ́n mo bù ú, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn létí òkun ló ń bù tiwọn ní aago mẹ́jọ kan náà. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni èsì rẹ̀ dé. Tìsàlẹ̀ ti tún ga ju tòkè lọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ga jù ú. Mo jókòó pẹ́ kí n tó mú ìwé dání lọ sí Kúdẹtì. Alága wà lábẹ́ páànù, wọ́n ń lọ ṣòkòtò.

"Bàbá Alága, èsì kejì ti dé. Kò dọ́gba mọ́."

Wọ́n gbé àyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Omi ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́rú tó kọjá yẹn."

Wọ́n wo orúnkún wọn. Àwọn tó wà nítòsí ń fọṣọ lọ, wọn kò gbọ́ wa.

"Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni? Ọjọ́rú náà nìyẹn, àbí? Mo dé síbí láago méje. Orúnkún mi kọ òkè. Mo da omi ọṣẹ sódò."

 Mo ní ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìyẹn nìkan, pé àwọn ilé tó wà lókè náà lè ti da nǹkan sí i.

"Mi ò bi ọ́ ní ti àwọn ilé. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Kọ ọ́. Kọ pé Músá ni."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ṣí ìwé, mo kọ ọjọ́ náà, mo kọ wákàtí, mo kọ orúkọ. Mo ní, "Garawa kan ni àbí méjì?"

Alága ti gbé àyọ́ọ̀nù padà. Wọ́n tún gbé e sílẹ̀.

"Mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Kọ mẹ́ta."